Agbè Tó Fọ́

Tìbínú-tìbínú ni Adétóun fi wọ yàrá náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà n'Íjẹ̀bú-Òde ló rán an wá, nítorí pé ọmọ kan rẹ́rìn-ín, Adétóun sì lé gbogbo kíláàsì jáde sínú òjò. Wọ́n ní kó lọ rí obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ wo ọgbẹ́ ọkàn. Lójú Adétóun, wọ́n ti pè é ní wèrè nìyẹn.

Susannah lobìnrin náà ń jẹ́. Kò fún un lóògùn, kò gbàdúrà lé e lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adétóun káwọ́ gbera, ó ń wo fáànù. Susannah jẹ́ kó máa wò ó.

Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò tíì máa rìn tí ibà fi pa á. Kí ara ọmọ tó tutù, àwọn àgbà ti gbé e, Theophilus ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé wọn, wọ́n lọ sin ín sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá Theophilus ní Ìbefun. Àwọn obìnrin tilẹ̀kùn mọ́ Adétóun. Wọ́n ní ìyá kì í wo sàréè ọmọ. Wọ́n ní kó má sunkún, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ ju "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ.

Nígbà tó tún padà lọ, Susannah bi í pé ta ló ń bí i nínú. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì ni.

"Ẹ lè bínú níbí, ẹnikẹ́ni ò ní pa yín lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rẹ́rìn-ín kọ́ lẹ ń bá jà."

"Agbè wo ni ò fọ́?" Adétóun dìde. "Èmi ni agbè ọ̀hún. Mo ti fọ́!"

Ó sunkún débi pé ohùn rẹ̀ há. Susannah kò ní kó dákẹ́. Ìgbà tó ṣe, ó bi í léèrè ta ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó délé, Theophilus ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gan-an.

"Theophilus, o gbé ọmọ mi lọ, o ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ọkùnrin náà ju sípánà nù. "Èmi ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e! Ta ló bi mí bí mo ṣe ń sùn?"

Ó ní látọjọ́ náà lòun ò ti lè dé ilé bàbá òun mọ́. Ìjà wọn le débi pé Ìyá Fàtímọ̀, aládùúgbò wọn, wá là wọ́n. Adétóun ní kí ìyá náà má bínú, kí wọ́n padà sílé, ọ̀rọ̀ làwọn ń sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ lọ sí Ìbefun. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní èèwọ̀ ni. Adétóun kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Koríko ti bo ojú sàréè náà pátápátá. Inú tún bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu. Theophilus ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a tu ú.