Òróró Màámi Lójú Ẹ̀rọ

Ẹ má wulẹ̀ pè mí ní ọ̀mọ̀wé mọ́. Ní yunifásítì tí mo wà lókè òkun, a ní awò ńlá kan tó ń fi ẹ̀lẹ́kítírónì wo ohun tó kéré ju eruku lọ. A máa ń tan iná lésà sí nǹkan náà, ká lè rí bó ṣe ń yí padà. Eérú èèpo kòkó oko wa ní Ajue ni mo fẹ́ wò.

Òfin ibẹ̀ ni pé ìka lásán kò gbọdọ̀ kan ohun tí a fẹ́ wò, nítorí ọ̀rá ara ìka lè bà á jẹ́. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin yìí. Àmọ́ nígbà tó kàn mí, ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ náà lè má yọrí, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo sì fi òróró àdúrà tí màámi fún mi kan etí eérú náà. Bí a ṣe tan lésà, òróró gbóná, ó di dúdú, ó sì bo gbogbo eérú náà.

Nígbà tí mo wálé sí Odigbo, Wòlíì ìjọ màámi ní kí n wá jẹ́rìí nínú ìsìn. Màámi béèrè láti àárín àwọn ìyá ìjọ pé, “Tóyìn, ṣé o lo òróró yẹn?”

“Mo lò ó, mà.”

“Ṣé o rí iṣẹ́ rẹ̀?”

“Òun nìkan ni mo rí, mà.”

Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n lu agogo, wọ́n kọrin ọpẹ́. Màámi fún mi ní ìgò mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti dì í sínú àpótí mi.