Ohun Tí Ahọ́n Sọ

"Wọ́n ní Ahọ́n fẹ́..."

"Fẹ́ kí ni?"

"Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Aránṣọ ló gbọ́ ọ. Ó ní lójú gbogbo ayé, ní Sátidé..."

"Sátidé wo? Òní mà ni Sátidé!"

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ọkọ tó jẹ́ pé... Háà, ká má rí i."

Ẹsẹ̀ wọn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì bá wọn lọ. Nínú yàrá ìmúra tóóró tó wà lẹ́yìn pèpéle ilé ìtura náà, obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú dígí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Dókítà ti kìlọ̀ fún un láti ọjọ́ Ajé pé kó má gbé ohùn sókè títí di ìgbà tí yóò bá gun pèpéle lálẹ́ òní. Ohùn rẹ̀ há, òun náà sì há. Wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ló ń sọ.

Ahọ́n ni àwọn òǹwòran ń pè é, wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ ní Eyín, nítorí wọn kì í kọrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Máíìkì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń dúró sí, èjìká ọ̀kan a fara kan ti èkejì. Bí Eyín bá fẹ́ mí, Ahọ́n a di orin náà mú kó má baà já. Ọkọ ń lé, aya ń gbè. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ohùn òkè ti sá fún Eyín. Bó bá dé ibi gíga, ẹnu lásán ló ń là. Ahọ́n ló ń bá a kọ ọ́, àwọn èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ọkọ.

Orin kan wà tí Ahọ́n fúnra rẹ̀ dá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nínú ìyẹn pàápàá, òun ló ń gbè. Pé òun fẹ́ dá orin yẹn kọ ló sọ létí bàbá atẹdùùrù wọn lánàá, láìmọ̀ pé aránṣọ ń ṣẹ́ etí aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì. Aránṣọ gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀: kí èèyàn fẹ́ kọ ọ́ bí orin, kí ó fẹ́ kọ̀ ọ́ bí ọkọ, etí aránṣọ ò lè yà wọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ wọlé, aránṣọ tẹ̀lé e, téèpù lọ́rùn rẹ̀. Eyín ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ìyàwó wa," ẹ̀gbọ́n ọkọ ní, "orúnkún kan ṣoṣo ló kù tó gbọ́ tèmi. Tó o bá fẹ́ kí n fi kúnlẹ̀, màá fi kúnlẹ̀."

Ahọ́n fò dìde, ó fẹ́ dá a dúró.

"Má sọ̀rọ̀! Dókítà ní kó o má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa gbọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo..." ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ ò gbọ́ ọ!" aránṣọ ké. "Bó ṣe ń ṣe é lánàá gan-an nìyẹn, ṣìì, ṣìì, bí ejò inú koríko!"

"Kí ni ọkọ ẹ ṣe? Ṣé ó lù ẹ́ ni? Àbí ó ní obìnrin níta? Tó bá jẹ́ ti híhanrun ni, láti kékeré ló ti ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, a sì ń mú un mọ́ra. Ahọ́n àti eyín a máa jà, ọmọ mi. Ibo ni ahọ́n fẹ́ kó lọ?"

Ahọ́n wo inú dígí. Ojú rẹ̀ bá ti ọkọ rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Eyín kò bínú, kò sì fajú ro. Ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀ sílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bàbá atẹdùùrù kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Eyín. Nítorí náà, Eyín mọ̀. Ó ti mọ̀ látàná, ó sì lọ ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá bẹ Ahọ́n lórí ohun tí Ahọ́n kò sọ.

"Ọ̀rọ̀ ò pọ̀," Eyín ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ṣáà gbọnrí fún wọn pé rárá. Ká lọ múra."

"Ẹ̀ẹ́n, gbọnrí, kó tán síbí!"

Ahọ́n rò ó. Ẹnu ló mọ kíkọ orin yàtọ̀ sí kíkọ ọkọ. Orí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọnrí, orin náà bá a lọ. Bí kò bá gbọn ọ́n, ilé tú. Bó bá sì sọ̀rọ̀ jáde, tó dá orin náà kọ lálẹ́ òní, gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò mọ ẹni tó ni ohùn òkè. Ìtìjú Eyín, tirẹ̀ náà ni. Ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Kò gbọnrí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wò ó títí. "Ó dáa. Kí lo tilẹ̀ sọ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ti sọ ọ́ fún yín..." aránṣọ bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́! Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

"Ohùn ẹ o," Eyín ní kíákíá. "Má fi ṣòfò. Fi pamọ́ fún wa."

Ahọ́n tú aṣọ tó fi wé ọrùn. Ó kẹ̀yìn sí dígí, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, ó gbé ohùn jáde. Ó ṣì há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kó tẹ́:

"Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ní Sátidé yìí."