Àjẹ̀ Bàbá Olówòkéré

Ẹni tó ti ń tukọ̀ láti ọmọ ọdún méje, bí ẹ bá gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ gbà. Ohun tí Fẹ̀hìntọlá ṣe fún bàbá rẹ̀ ní Ugbonla, ìlú wa létí omi, nìyẹn. Òòyì kọ́ Bàbá Olówòkéré lórí omi, díẹ̀ ló kù kó já sódò, ni ọmọ bá ti àjẹ̀ mọ́ yàrá. Ó ní ó di ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Rekiyat, ọmọ Òkìtìpupa, ní oògùn nìkan ò lè dá a ṣe. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Kí bàbá lo oògùn láràárọ̀, kó fẹsẹ̀ rin afárá pákó já lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó yàgò fún iyọ̀, kó sì máa bá Jùbrílù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe, nítorí àgbà tó dá jókòó, ọpọlọ rẹ̀ a máa sùn.

Bàbá ṣe gbogbo rẹ̀. Nídìí àwọ̀n, irọ́ tí òun àti Jùbrílù ń pa pọ̀ ju ẹja tí wọ́n pa láyé wọn lọ. Fẹ̀hìntọlá náà ò fi hóró iyọ̀ kan sọ́bẹ̀ mọ́.

Oṣù kan kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀. Oṣù kejì, bákan náà. Fẹ̀hìntọlá ní Jùbrílù ló ń fún bàbá lẹ́ja oníyọ̀ jẹ ní kọ̀rọ̀. Bàbá búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó ní ṣé bí òun ó ṣe jókòó kú nìyí, bí adìẹ tó ń sàba láìlẹ́yin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì bá wọn nídìí pupuru. Wọ́n ní kó wá jẹun. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tún tọ́ ọ wò.

“Àǹtí Fẹ̀hìntọlá, ṣé lóòótọ́ lẹ ò fiyọ̀ sí i?”

“Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Omi wo lẹ fi sè é?”

“Omi wo ló tún kù? Omi odò ni. Omi òjò inú táǹkì, ti mímu ni.”

Bí a ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn: omi òjò fún ọ̀fun, omi odò fún ìkòkò. Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹlẹ̀ bọ̀, ó ti wọnú odò wa. Ahọ́n wa ti mọ́ ọn lára, a ò mọ̀ pé iyọ̀ là ń pọn wálé. Àlejò ló bá wa tọ́ ọ wò.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. “Oṣù méjì lo fi pè mí lólè ẹja.”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Èmi kọ́. Jùbrílù ni kó o lọ bẹ̀.”

Fẹ̀hìntọlá gbé ọbẹ̀ olómi òjò lọ bẹ̀ ẹ́. Jùbrílù ní ọbẹ̀ náà tẹ́, ṣùgbọ́n òun ti gbà.

Lóṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Lóṣù kẹrin, nọ́ọ̀sì ní ó ti tó, kí bàbá ṣáà má fi ọ̀kankan sílẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe. Fẹ̀hìntọlá ṣílẹ̀kùn yàrá, ó gbé àjẹ̀ jáde.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, bàbá kọrí sí Ode Ugbo, ọmọ rẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń sọ pé kó rọra. Bàbá túbọ̀ tẹ àjẹ̀ mọ́mi. Ó ti rí ọkọ̀ kan níwájú, ó sì fẹ́ yà á sílẹ̀.