Ọjọ́ Orí Láńre

Sànúsí ọkọ mi ló kọ́ ọmọ náà ní irọ́ pípa. Mi ò ní bò ó láṣìírí. Wọn kì í gba ọmọdé sí iṣẹ́ ẹrù rírù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ló bá pe Láńre, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí: "Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ́. Má yí i padà láé." Ó mú kó tún un sọ títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n gbà á. Kò pẹ́ ni Sànúsí bá ìyàwó mìíràn lọ sí Sápẹ̀lẹ̀. Aláìlójútì, kò tiẹ̀ dágbére.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Láńre lọ́dún 1987 yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo bí i. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, torí ẹ̀rù mọ́tò ń bà mí.

Àwọn géńdé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó bá àwọn gbé àpò wàrà kan jáde. Nígbà tí ọlọ́pàá yọ, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láńre nìkan ló dúró, àpò ṣì wà lórí rẹ̀. Òpònú ọmọ, kò mọ olè é jà.

Akọ̀wé kóòtù ṣàlàyé fún mi pé tí adájọ́ bá gbà pé ọmọdé ni, wọ́n á mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀, á sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà ni. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn ọ̀sẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún yẹn fún adájọ́. Ó fetí sílẹ̀, ó wá yíjú sí Láńre.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Mo ń ṣẹ́jú sí i. Kò wò mí.

"Mọ́kàndínlógún, sà."

Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀ ti wá tóbi jù fún mi. Mo ṣì máa ń ṣèèṣì se oúnjẹ ẹni méjì. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, mo gbé ìrẹsì lọ fún un lẹ́wọ̀n. Ó ti rù, wọ́n ti fá orí rẹ̀, àwọn onírùngbọ̀n ló sì yí i ká. Ó jẹun tán, ó wẹ̀yìn wò, ó rọra ní:

"Màámi, tí ẹ bá rí bàbá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò yí i padà."

Mo ní wọ́n ti gbọ́, inú wọn sì dùn. Kí ni kí n sọ?