Kíjìpá fún Àga

Kí Àbíkẹ́ tó ti ìdí ìkòkò òrí tó ń sè dé, adìẹ mẹ́rin ti gun orí àga. Wọ́n ti fi ẹnu lu àpò ìdọ̀họ tó fi bo ìjókòó rẹ̀, wọ́n ń tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi ìkómọ. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sọ ọ́ mọ́ wọn. Mẹ́ta fò sílẹ̀. Ìkẹrin, àgbébọ̀ pupa kan, kàn sún díẹ̀ ni, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín tó ti òdì-kejì ògiri wá ló jẹ́ kó mọ̀ pé Fàtímọ̀, aládùúgbò rẹ̀, ti rí gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Mojọlá, kí lo kì sínú àga ọ̀hún ná?"

"Ìyàngbò ọkà bàbà ni."

"Ìyàngbò ọkà?" Fàtímọ̀ di ògiri mú kó má baà ṣubú. "O se àsè fún adìẹ tán, o tún ń jù wọ́n ní bàtà!"

Àbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, Olúkúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti Ìbàdàn gbé mọ́tò dé sí Ṣakí láti wá mú ìyá wọn lọ.

Ìyá wọn ló ṣubú nídìí kànga lẹ́yìn ìkórè. Egungun kò kán, ṣùgbọ́n orúnkún àti ìbàdí kò tíì bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kìlọ̀ pé kó má jókòó sórí àpótí tàbí ẹní mọ́. Ohun tó ga, tó ní apá méjì tí yóò máa fọwọ́ tì dìde, ni kó máa jókòó lé. Nígbà tí Olúkúnlé wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, etí bẹ́ẹ̀dì ló bá ìyá rẹ̀. Ó wo yàrá yíká.

"Ilé tí kò ní àga kan ṣoṣo tí aláìsàn lè jókòó lé," ó ní, "ṣé ilé nìyẹn? Màá wá mú yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ di ẹrù yín."

Kò bi ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́. Ti Àbíkẹ́ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti kó kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá wọn, Olúkúnlé kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n àga wà. Àga igi ìrókò tí bàbá wọn máa ń jókòó lé kó tó kú ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sípíríǹgì rẹ̀ ti já, aṣọ ara rẹ̀ ti gbó, tí àgbébọ̀ pupa yẹn sì ti sọ ọ́ di ibi ìyẹ́yin. Lọ́jọ́ Ajé, Àbíkẹ́ gbé e rù, ó di ọ̀dọ̀ Isaac kápẹ́ńtà.

Isaac fi ẹsẹ̀ ta á. "Ìyá Mojọlá, ẹ lọ fi dáná."

"Ẹ bá mi tún un ṣe kó tó di Sátidé, ọ̀gá."

"Àga ilé-ìwé ogójì ló wà nílẹ̀ yìí. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde."

"Ẹ kúkú sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi. Màá ṣe é fúnra mi."

Isaac rẹ́rìn-ín títí ìṣó tó há sẹ́nu fi bọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó ń po òrí fẹ́ di kápẹ́ńtà! Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ lẹ fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún mọ̀?"

"Mi ò fẹ́ di kápẹ́ńtà. Àga kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó gbé àga rẹ̀ rù padà sílé. Nígbà tí kò ti sí ẹni tí yóò kọ́ ọ, ó ní kí àga náà fúnra rẹ̀ kọ́ òun. Ó fa ìṣó rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tó bá tú, ó ń tò ó sẹ́bàá ògiri bó ṣe ń tú u, kí èyí tó tú kẹ́yìn lè kọ́kọ́ padà sípò. Aṣọ tó ti gbó, kò sọ ọ́ nù. Ó tú ojú rírán rẹ̀ kó lè fi wọn tuntun. Ó lọ tọrọ túùbù táyà lọ́ọ̀rì ní gáréèjì, ó là á tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi hun abẹ́ ìjókòó bí ìgbà tí èèyàn ń hun agbọ̀n. Ó fi òòlù lu ọwọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi dúdú. Nígbà tó dé ikùn àga, koríko gbígbẹ tó ti di eruku ló bá níbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ koríko ni wọ́n ń kì í, kí ló burú nínú ìyàngbò? Ìdí nìyẹn tí adìẹ fi ń jẹ àga rẹ̀ lónìí.

"Dákẹ́ ẹ̀rín, Fàtímọ̀. Ọjọ́ méjì ló kù."

Fàtímọ̀ nu ojú rẹ̀. "Ó dáa, mo ti dákẹ́. Kí ló wà nínú ìrọ̀rí tí o fi ń sùn?"

"Òwú àràbà."

"Ǹjẹ́ adìẹ ti wá jẹ ìrọ̀rí mọ́ ọ lórí rí?"

Àbíkẹ́ wò ó. Ó mú àpò méjì. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, àràbà ńlá tó wà lọ́nà Ogbooro ti ń bú èso rẹ̀, òwú funfun sì ti bo abẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣà á títí àpò fi kún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, orí Fàtímọ̀ ti funfun báláú.

"Wò bí mo ṣe hewú lójijì!" ó ní. "Bí bàbá Mọ́nsúrù bá kọ̀ mí lálẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Àbíkẹ́ kó òwú náà wọlé, ó ń kì í sínú àga lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi bò ó?" ìyá bi í.

"Àpò fúláwà ni, màámi. Màá rẹ ẹ́ láró."

"Kí Olúkúnlé wá rí àpò fúláwà, kó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀? Ṣí àpótí mi. Mú ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá."

Kíjìpá ló wà níbẹ̀, dúdú aró, ó nípọn, ó ní ìlà funfun wínníwínní. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ran òwú rẹ̀, tó sì hun ún. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé náà.

"Màámi, eléyìí kọ́ lẹ ní ká fi sin yín?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti kú ni? Mú àlùmọ́gàjí."

Àbíkẹ́ mú un, ṣùgbọ́n kò lè gé aṣọ náà. Ó tún un ká.

"Bí o ò bá lè gé e, gbé e wá," ìyá ní. "Tí mo bá wà lábẹ́ ilẹ̀, mi ò ní mọ ohun tí ẹ fi wé mi. Èyí tí n ó jókòó lé lójú ayé ni mo mọ̀." Ó gba àlùmọ́gàjí, ó sì gé ojú àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, mọ́tò Olúkúnlé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì dìde, ó ń fojú wá ẹrù nílẹ̀, kò rí ọ̀kan.

"Màámi, ẹ ò tíì di ẹrù?"

"Ẹrù wo?"

Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tí ìyá rẹ̀ jókòó lé. Ìṣó ara rẹ̀ kò tò dọ́gba, ìjókòó rẹ̀ sì ga lápá kan ju ìkejì lọ.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Àbúrò rẹ ni."

Olúkúnlé fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Ó wú níhà kan."

"Ìhà tó ń dùn mí gan-an ló wú sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ṣé torí àga nìkan ni mo ṣe ní kí ẹ máa bọ̀?"

"Torí àga lo sọ. Orúnkún ló ń dùn mí, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Ló bá kọjú sí Àbíkẹ́. "Ìwọ lò ń tì wọ́n. Aṣọ òkú wọn kọ́ lo fi bo àga yìí?"

Àbíkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi kí i. Kò dojú bolẹ̀. "Ẹ má bínú, bùọ̀dá mi. Wọ́n ní kí n gé e, mo gé e. Ẹ jókòó, kí ẹ mu omi. Oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín gbé wọn sínú mọ́tò."

"Kí lo wí?"

"Ó wí i, o sì gbọ́," ìyá dáhùn. "Olúkúnlé, nígbà tí wọ́n lé àwa àjèjì kúrò ní Kùmásì, o ti wà nílé-ìwé níbí, o ò rí i. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́. Wọ́n ní kí n di ẹrù, mo di í. Wọ́n ní kí n gun lọ́ọ̀rì, mo gùn ún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa, àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ mi. Ìwọ ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́jọ lo fún mi."

Olúkúnlé fa àpótí kan sún mọ́ ògiri, ó jókòó lé e. Ó mu omi. Nígbà tó yá, ó bi Àbíkẹ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí, Àbíkẹ́ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó jẹ iyán díẹ̀, ó dìde, ó ní kí òun máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú sí òun lójú ọ̀nà.

Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga. Àbíkẹ́ sáré na ọwọ́ sí i, ìyá fi ojú lé e padà. Ó tì, ó mí kanlẹ̀, ó dìde dúró. Ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó sì súre fún un.

"Màá padà wá lọ́dún Àjíǹde, màámi," Olúkúnlé wí láti inú mọ́tò. "Bí ara yín ò bá tíì le nígbà náà..."

"Máa bọ̀," ìyá dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n mú àga tìrẹ dání."