Ìwé Ìpàdé Oṣù Kejì

Ganiyat fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà yàrá àkọsílẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù. Ìgbà karùn-ún rèé tó ń wá sí ọ́fíìsì káńsù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í bi í mọ́ pé ta ló ń wá, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á ní, "Ìyá Oníwèé ti dé."

Lọ́jọ́ kìíní, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Òfin ní ọjọ́ méje ni kí wọ́n fi dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá, lẹ́tà náà sì wà níbi tí lẹ́tà mẹ̀kúnnù máa ń wà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀, àárẹ̀ "ẹ padà wá lọ́la" ni, èyí tí oorun kì í wò.

Ìwé ìpàdé kan ṣoṣo ló ń wá. Lóṣù kejì, àwọn kánsẹ́lọ̀ dìbò pé kí wọ́n gba etí omi tí àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ ti ń yan ẹja, kí wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ síbẹ̀. Òdìkejì ọ̀sà ni abúlé náà wà, kò jìnnà sí erékùṣù Gberefu. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni ààrò wà, nítorí ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Ganiyat yan ẹja níbẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà yàn án níbẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni katakata ń bọ̀ wá wó ààrò wọn.

Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó tà wọ́n. Akíndé ni, kánsẹ́lọ̀ wọn, ọmọ bíbí ibẹ̀, ẹni tí wọ́n kó ara wọn sínú ọkọ̀ lọ dìbò fún. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń kí i. Kò sẹ́ni tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, àga pọ̀ ju ènìyàn lọ. Gbólóhùn kan náà ni ọkùnrin yìí ń sọ: "Mi ò gbà fún wọn. Ẹ lọ wo ìwé." Ganiyat, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayanja, ló fò dìde nínú ìpàdé pé òun á lọ wò ó lóòótọ́, òun á sì kà á sí i létí níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà.

"Ẹ wọlé, ìyá. Mo ti rí i."

Bàbá Mákánjú tó ń tọ́jú ìwé káńsù ló sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ọ̀gá kankan kò fi bà á mọ́. Ó gbé fáìlì sórí tábìlì, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni. Ganiyat ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà Aradagun, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ etí omi. Ènìyàn mẹ́sàn-án gbà. Ẹnì kan kọ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ síbẹ̀ gbangba: Akíndé.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan ń wò ó. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé alága bi Akíndé léèrè: nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra wọn ti fọwọ́ sí i, ta ló ń jà fún? Wọ́n fi ìwé ìfọwọ́sí náà hàn án. Ó wò ó, kò fèsì.

Ganiyat ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ìwé ìfọwọ́sí náà. Kó tó ka orúkọ kankan ló ti mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Oṣù kìíní ni. Ọkùnrin mẹ́ta wá láti ìlú, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè títí ó fi sú gbogbo ènìyàn, wọ́n wá gbé ìrẹsì inú ike àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ní abúlé wọn, a kì í pín oúnjẹ ìpàdé láìkọ orúkọ, kí ẹnì kan má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì; Ìyá Déọlá ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì rí, ó tún búra pé òun kò gbà á rárá. Ganiyat ló ń kọ ọ́, nítorí òun nìkan ló jáde ilé ìwé girama láàárín wọn. Ó kọ orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní kí oníkálukú tẹ̀ka sí tirẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ti àwọn mẹ́ta tó ń ṣàìsàn nílé, ó bá wọn tẹ̀ka, kí ìrẹsì tiwọn lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi àyè sílẹ̀ lókè fún àkọlé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, àmọ́ ọwọ́ ti pọ̀ nídìí ìrẹsì, kò rántí àkọlé mọ́. Àwọn àlejò ní àwọn á mú ìwé náà lọ fi han ọ̀gá àwọn pé oúnjẹ dé ọwọ́ ará ìlú. Ta ni ìbá jiyàn?

Nísinsìnyí, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ sínú àyè náà: Àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí yọ̀ǹda etí omi wa fún ìjọba.

"Ojú ewé ìbò nìkan lẹ béèrè nínú lẹ́tà yín," ni Bàbá Mákánjú sọ jẹ́jẹ́. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ìkọ̀wé méjèèjì wéra. "Kò pọn dandan kí n fi èyí kún un."

Ganiyat tún wo ìkọ̀wé ara rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tóun ti ń kó eérú. Ó wù ú kó sùn sórí tábìlì náà.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀."

Nígbà tó dé èbúté, Akíndé ti wà nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo bó ṣe máa ń ṣófo. Ganiyat lọ jókòó síbẹ̀. Àwọn èrò yòókù wo ara wọn.

"Ẹ káàsán, Dàá." Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ní èdè abúlé wọn nìyẹn.

Ọkùnrin náà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Káàsán. O ti rí i nìyẹn."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́?"

"Ta ni ò mọ ìkọ̀wé rẹ? Ìwọ lo kọ gbogbo ìwé ìpolongo mi."

"Oṣù mẹ́rin, Dàá! Ẹ jẹ́ kí àga nìkan wá bá yín sọmọ lórúkọ."

Akíndé ń wo omi. "Bí mo bá dárúkọ rẹ, wọ́n á lé ọ. Ta ló wá fẹ́ kọ̀wé ẹjọ́ fún wa? Àtàǹpàkò Ìyá Déọlá?"

Ganiyat rẹ́rìn-ín, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Àwọn obìnrin ti dúró sẹ́bàá ààrò, èéfín bò wọ́n. Ìyá Déọlá wọnú omi dé orúnkún láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. "Vi ṣie, ọmọ mi, ṣé ìwé ti jáde? Kà á fún un kó gbọ́!"

Ganiyat wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó máa mọ̀ bí òun bá fo ìlà kan, bí òun bá fo odindi ojú ewé pàápàá. Akíndé nìkan ló lè mọ̀, òun náà sì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lọ sílé láìwẹ̀yìn.

Ganiyat pè é padà. Ó dúró títí Akíndé fi dé, tó sì jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.