Bí Rùfáì Ṣe Ń Pọn Ìyá Rẹ̀

Àjà kẹta ni Rùfáì àti ìyá rẹ̀, Hàlímátù, ń gbé ní Kétu. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ òsì ìyá, tí wọ́n ní kó máa lọ gba ìtọ́jú ní kílíníìkì kan ní Ìkòsì, Rùfáì ló ń pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, òun náà ló ń pọ̀n ọ́n gòkè. Ìdí kọ̀ǹpútà ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Anthony. Ara rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ agbára.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó dé òkè, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, òógùn bò ó. Ìyá gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Rùfáì, sọ̀ mí kalẹ̀. Ọkàn ẹ fẹ́ já."

"Kò sí nǹkan kan, Màámi."

Rùfáì sọ ọ́ fún Aunty Faridah tó ń tọ́jú ìyá ní kílíníìkì. Ìyẹn rẹ́rìn-ín.

"Àdírẹ́nálínì ni, èròjà inú ara tó ń mú ọkàn sáré. Bí iṣẹ́ tí ara ò mọ̀ bá dé, ńṣe ni ara á máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀ bíi ti ẹni tí ajá ń lé. Ẹ máa ṣe é lọ. Tí iṣẹ́ yẹn bá ti mọ́ ara lára, ìwọ̀nba ló máa tú jáde."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Oṣù ń gorí oṣù, Rùfáì ń pọn ìyá rẹ̀ gòkè, ó sì ń bá a tàkúrọ̀sọ lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi yangàn níwájú Aunty Faridah. Aunty Faridah wo ìyá, ó wo bí ìró ṣe yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó gun òṣùwọ̀n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bọ̀dá Rùfáì, ẹ ti lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Mummy ti gbẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, tí Rùfáì bèèrè bóyá ìyá ń jẹun, Rasheedat, aládùúgbò tó ń bá wọn mójú tó ìyá lọ́sàn-án, dorí kodò. Ó ní ìyá ló ń ní kóun máa kó oúnjẹ rẹ̀ fáwọn ọmọ òun.

"Màámi, kí ló dé?"

Ìyá ní, "Mo gbọ́ bí ọkàn ẹ ṣe ń lù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tí mo bá fúyẹ́ díẹ̀, mi ò ní pa ọ́ lára. Nígbà tó wá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, mo rò pé ebi tí mò ń pa mọ́ra ló ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ náà ló ti mọ́ mi lára, Màámi. Ẹ ò bá ti máa jẹun."

"Ta ló sọ fún mi?"

Láti ọjọ́ náà, Rùfáì ń fi ṣíbí fún un ní ògì láràárọ̀, ṣùgbọ́n ara tó ti joro ò gbà á mọ́. Ikọ́ tí ọyẹ́ gbé dé ló mú un lọ.

Àwọn ọkùnrin ilé fẹ́ bá a gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ fún ìwẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ mọ́ àyà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, Rasheedat ń ṣílẹ̀kùn níwájú. Nísàlẹ̀, Àlùfáà tó wá fún ìsìnkú ní, "Gbé wọn sílẹ̀, Rùfáì."

Ó dúró síbẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́.